Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà? Àwọn Obìnrin Ítálì ní Àkókò Renaissance

Ní ọdún 1977, Joan Kelly, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè: ǹjẹ́ àwọn obìnrin tilẹ̀ ní Renaissance tiwọn bí? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé rárá o. Ó ní àkókò náà gan-an tí ọ̀nà ń là fún àwọn ọkùnrin ni ó ń dí mọ́ àwọn obìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí àkókò ìsọjí ni ìwé ìtàn ń pe Renaissance. Láti nǹkan bí ọdún 1400 sí 1600, àwọn ará Ítálì tún ìmọ̀ àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ gbé yẹ̀wò, wọ́n ya àwòrán, wọ́n gbẹ́ ère, wọ́n kọ́ ilé aláràbarà. Leonardo da Vinci, Michelangelo, Raphael: orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n dárúkọ obìnrin kan ṣoṣo láti inú àkókò náà, kíláàsì a pa lọ́lọ́.

Kì í ṣe pé àwọn obìnrin náà kò sí. Wọ́n wà, wọ́n sì ṣe bẹbẹ. Ohun tí ó yẹ kí á wò ni ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó bá fẹ́ di ayàwòrán yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ọ̀gá. Èyí tí ó bá fẹ́ di amòfin tàbí oníṣègùn yóò gba yunifásítì lọ, ní Padua tàbí Bologna. Àtọ̀nà kìn-ín-ní àtèkejì, kò ṣí fún ọmọbìnrin, àfi bí baba rẹ̀ bá gbà fún un tí ó sì ní agbára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo Cassandra Fedele, tí wọ́n bí ní Venice ní ọdún 1465. Baba rẹ̀ ni ó rí i dájú pé ó kọ́ èdè Látìn àti Gíríìkì. Ní ọdún 1487, nígbà tí ìbátan rẹ̀ kan gba oyè ní Padua, Cassandra dìde níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, ó sì fi Látìn tí ó dán mọ́rán sọ̀rọ̀ ní ìyìn ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún 22 péré ni. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé Sípéènì, débi pé Ọbabìnrin Isabella fẹ́ kí ó wá sí ààfin òun. Ìjọba Venice kò jẹ́ kí ó lọ. Bí ẹni ń yin ohun ọ̀ṣọ́ ni àwọn ọkùnrin ṣe ń yìn ín, ta ni yóò sì fi ohun ọ̀ṣọ́ ilé rẹ̀ ta ará ìta lọ́rẹ?

Nígbà tí ó yá, ó lọ sílé ọkọ. Oníṣègùn ni ọkọ náà. Láti ìgbà náà, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. Kò sí òfin kan tí ó pa á lẹ́nu mọ́. Wọn kàn ń retí pé kí abilékọ gbé ìwé tì ni. Ọkọ rẹ̀ kú, kò sì bímọ. Ó ti darúgbó nígbà tí wọ́n fi í ṣe alábòójútó ilé ọmọ aláìlóbìí kan ní ọdún 1547. Ní ọdún 1556, ọbabìnrin Pólàǹdì, Bona Sforza, bẹ Venice wò, ìjọba sì rántí arúgbó náà. Ó ti lé ní ẹni 90 ọdún nígbà tí ó tún dìde tí ó fi Látìn kí àlejò káàbọ̀. Ọdún 69 ni ó wà láàrin ọ̀rọ̀ ti Padua àti èyí. Ó kú ní ọdún 1558.

Isotta Nogarola ti Verona (1418–1466) kò tilẹ̀ dé ilé ọkọ kí ẹnu ayé tó bà á. Ẹnì kan tí ó fi orúkọ bò kọ ẹ̀sùn ìṣekúṣe sí i lọ́rùn, pẹ̀lú àlàyé pé obìnrin tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ kò lè jẹ́ oníwà mímọ́. Isotta fà sẹ́yìn sínú ilé, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀.

Laura Cereta ti Brescia, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1469, le ju àwọn méjèèjì lọ. Ó di opó kí ó tó pé ọmọ 20 ọdún; òru, nígbà tí iṣẹ́ ilé bá parí, ni ó fi ń kàwé. Ní ọdún 1488 ó kọ lẹ́tà sí ẹnì kan tí ó pè ní Bibulus Sempronius, ẹni tí ó ń yìn ín bí ẹni pé iṣẹ́ ìyanu ni kí obìnrin ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀. Inú Laura ru. Ó ní bí a bá ń yin òun nítorí pé òun kò jọ obìnrin yòókù, gbogbo obìnrin ni a fi ìyìn náà bú. Ó ka orúkọ àwọn obìnrin amòye ìgbà àtijọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní gbogbo ẹ̀dá ni a fún ní òye, ohun tí kálukú bá yàn láti fi ṣe ni ó yàtọ̀. Ó kú ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mi ò mọ lẹ́tà mìíràn láti àkókò náà tí ó tọ́ kí á kà fún akẹ́kọ̀ọ́ ju èyí lọ, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ní ti àwòrán, Sofonisba Anguissola ti Cremona ni aṣíwájú. Ọmọbìnrin mẹ́fà àti ọkùnrin kan ṣoṣo ni baba rẹ̀ bí. Ní ọdún 1546 baba yìí fi Sofonisba àti àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ayàwòrán Bernardino Campi láti kọ́ṣẹ́. Níwọ̀n bí kò ti bójú mu kí obìnrin jókòó ti ìhòòhò ọkùnrin láti fi kọ́ bí a ti ń ya ara ènìyàn, àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó ń yà. Nínú àwòrán rẹ̀ ti ọdún 1555, àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ sì ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. (Ìyá yẹn kò gbọdọ̀ bọ́ lójú wa. Kò sí ẹni tí ó gba olùkọ́ Látìn fún ọmọ tirẹ̀.) Nígbà tí Michelangelo rí àwòrán ọmọbìnrin tí ń rẹ́rìn-ín tí Sofonisba yà, ó ní ọmọ tí ń sunkún ni ì bá le jù láti yà. Sofonisba ya ọmọkùnrin tí edé ńlá gé lọ́wọ́ jẹ, ó fi ránṣẹ́.

Ní ọdún 1559 ó lọ sí ààfin Sípéènì. Wọn kò gbà á gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán. Ẹmẹ̀wà ayaba ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ya àwòrán, tí ó ń kọ́ ayaba náà. Nítorí èyí, fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi ka díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ sí ti àwọn ọkùnrin bí Alonso Sánchez Coello. Ní ọdún 1624, ọ̀dọ́mọdé ayàwòrán Van Dyck bẹ̀ ẹ́ wò ní Palermo. Ojú arúgbó náà ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé, ó sì ń tọ́ ọmọ náà sọ́nà lórí iṣẹ́.

Lavinia Fontana ti Bologna (1552–1614) yí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó po. Baba rẹ̀ ayàwòrán ni ó kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ó fẹ́ Gian Paolo Zappi ní ọdún 1577, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. Ó bí ọmọ 11, owó àwòrán rẹ̀ ni ó sì ń gbé ilé ró. Ìgbéyàwó tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ Cassandra ni ó ṣí i fún Lavinia, ó sì hàn gbangba pé owó ni ó fa ìyàtọ̀ náà: àwòrán ń mówó wọlé, Látìn kò mú nǹkan kan wá.

Ìlẹ̀kùn kan kù tí kì í ṣe ti baba tàbí ti ọkọ: ilé àwọn sísítà. Ní ìlú Florence, Plautilla Nelli (1524–1588) àti àwọn sísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ya àwòrán, wọ́n sì ń tà á. Ó ya Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sórí aṣọ tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí mítà méje. Lẹ́yìn àtúnṣe ọlọ́dún púpọ̀, wọ́n gbé e síta fún gbogbo ènìyàn ní Santa Maria Novella ní ọdún 2019. Lára rẹ̀ ni Plautilla kọ orúkọ ara rẹ̀ sí, ó sì fi Látìn bẹ àwọn tí ó bá wò ó pé kí wọ́n gbàdúrà fún obìnrin tí ó yà á.