Bàràsílì: Orílẹ̀-Èdè Tó Ní Òun Kò Mọ Ẹlẹ́yàmẹ̀yà

Ọ̀rọ̀ tòní jìn díẹ̀, ṣùgbọ́n orí pápá bọ́ọ̀lù ni mo ti fẹ́ mú un wá.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Real Madrid lọ bá Valencia gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Mestalla, ní Sípéènì. Àwọn kan nínú òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í pe Vinícius Júnior ní ọ̀bọ. Ó dúró, ó nawọ́ sí ẹni tó ń bú u. Kí bọ́ọ̀lù náà tó parí, òun gan-an ni wọ́n fún ní káàdì pupa. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pa iná ara ère Jésù ńlá tó wà lórí òkè ní Rio de Janeiro láti fi hàn pé wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ààrẹ Lula náà sọ̀rọ̀, ó ní kí FIFA àti àwọn tó ń darí líìgì Sípéènì wá nǹkan ṣe sí i.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni pé: ṣé Bàràsílì fúnra rẹ̀ ń sọ òótọ́ nípa ohun tó ń ṣe fún àwọn adúláwọ̀ inú ilé rẹ̀, àti fún àlejò tó bá dúdú?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ló kàn wá o. Ó kàn wá gan-an ni. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ ṣe ẹrú, kò síbi tí wọ́n kó wọn lọ tó Bàràsílì. Àwọn tí ọkọ̀ gbé débẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5. Àwọn tí wọ́n gbé lọ tààrà sí ibi tó di Amẹ́ríkà lónìí kò tó 400,000. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó dé Bahia ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, nǹkan bí 600 nínú wọn, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, dìde ogun ní ìlú Salvador. Malê ni wọ́n ń pe àwọn Mùsùlùmí yìí, inú ọ̀rọ̀ wa, ìmàle, ni orúkọ náà ti wá.

Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ìjọba Bahia ṣe òfin kan: ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira kò gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀ mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa san owó orí lọ́dọọdún. Wọ́n lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ mìíràn sì fẹsẹ̀ ara wọn wá ọkọ̀ padà sílé. Ẹ bi àwọn àgbà Pópó Àgùdà ní erékùṣù Èkó, ẹ bi àwọn èèyàn Pọ́tónoófò àti Wídà. Àwọn da Silva àti Pereira tí ẹ mọ̀ yẹn, apá kan ìtàn wọn nìyí.

Ọdún 1888 ni Bàràsílì tó fòpin sí oko ẹrú. Òun ló kẹ́yìn ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti àríwá àti ti gúúsù. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òótọ́ àti irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1890, Rui Barbosa, tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná, pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun àwọn ìwé ìjọba tó jẹ mọ́ oko ẹrú. Ó ní ìtìjú ni wọ́n jẹ́ fún orílẹ̀-èdè. Àwọn òpìtàn sọ pé ìdí mìíràn tún wà: kí àwọn olówó ẹrú má baà rí ìwé mú wá gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ìjọba. Èyí ó wù kó jẹ́, ọmọ ọmọ ẹrú tó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti kó bàbá rẹ̀ wá, iná ti jó díẹ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀.

Lọ́dún 1890 kan náà, ìjọba ṣe òfin nípa àlejò. Ẹni tó bá lágbára láti ṣiṣẹ́, kó máa bọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Áfíríkà tàbí Éṣíà wá, àfi kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ń wá ni òyìnbó Yúróòpù tó máa bá wọn sọ àwọ̀ ìlú di funfun. Ní ọdún 1921, nígbà tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan fẹ́ wá ra ilẹ̀ ní Mato Grosso, aṣòfin méjì gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí èèyàn dúdú wọlé rárá. Àbá náà kò di òfin. Kò nílò kó di òfin: wọ́n sọ fún àwọn ọ́fíìsì wọn lókè òkun láti má ṣe fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní físà. Nígbà tó di 1945, wọ́n tún kọ ọ́ sínú òfin kedere pé kí gbígba àlejò wọlé máa ṣètọ́jú ohun tí orílẹ̀-èdè náà jogún láti Yúróòpù.

Ní gbogbo àkókò yìí, kí ni Bàràsílì ń sọ fún ayé? Ó ń sọ pé ọ̀dọ̀ òun kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní 1933, Gilberto Freyre tẹ ìwé rẹ̀, Casa-Grande & Senzala, jáde. Ìwé náà yin bí onílẹ̀, òyìnbó Potogí àti adúláwọ̀ ṣe dà pọ̀ di èèyàn kan. Láti ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Bàràsílì jẹ́ ilé ìṣọ̀kan gbogbo àwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún wọn o. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Lẹ́yìn 1888, kò sí òfin ní Bàràsílì tó ní kí dúdú jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, kò sí òfin tó ní kí dúdú má fẹ́ funfun, bí ó ṣe wà ní apá gúúsù Amẹ́ríkà àti ní South Africa. Robert Abbott, adúláwọ̀ tó dá ìwé ìròyìn Chicago Defender sílẹ̀, lọ síbẹ̀ ní 1923, ó sì yìn ín gidigidi nígbà tó padà délé. Ẹni tó bá ti ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ igi wá, ibi tí wọ́n kàn ti ń fojú pa á rẹ́ lè jọ ọ̀run lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n irọ́ náà wà. Nítorí pé kò sí òfin, ẹni tí wọ́n fi àwọ̀ rẹ̀ lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà kò rí nǹkan kan nawọ́ sí. Wọ́n á ní yàrá ti kún. Wọ́n á ní ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ náà. Tó bá pariwo, òun ni wọ́n á sọ pé ó fẹ́ kó ẹlẹ́yàmẹ̀yà wọ ìlú tí kò ti sí tẹ́lẹ̀.

Àlejò kan tú àṣírí náà níta gbangba. Lóṣù Keje ọdún 1950, Katherine Dunham, gbajúmọ̀ oníjó adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà, wá ṣeré ní São Paulo. Òtẹ́ẹ̀lì Esplanada kò gbà á sílé nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò gbé e mì, ó sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn, ọ̀rọ̀ náà sì dé òkè òkun. Ojú ti ìjọba. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1951, wọ́n gbé òfin àkọ́kọ́ jáde lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, èyí tí wọ́n fi orúkọ aṣòfin Afonso Arinos pè. Arinos fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ohun tó mú òun gbé e dìde ni pé wọ́n kò jẹ́ kí awakọ̀ òun, tó jẹ́ adúláwọ̀, wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Copacabana. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin náà dáadáa. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni wọ́n pè é, àwọn tí wọ́n sì dá lẹ́bi lábẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní àkókò yẹn kan náà, UNESCO rán àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ wo bí Bàràsílì ṣe ń ṣe é, kí gbogbo ayé tí ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ lè kọ́ ọgbọ́n. Nígbà tí Florestan Fernandes àti Roger Bastide wádìí ní São Paulo, ohun tí wọ́n bá ni pé ìdènà wà níwájú adúláwọ̀ níbi iṣẹ́, níbi ilé, níbi ìgbéyàwó. Ẹni tí wọ́n rán lọ kọ́ ọgbọ́n, àrùn ló bá níbẹ̀.

Ìjọba ológun tó wọlé ní 1964 wá rí ọ̀nà mìíràn. Nínú ìkànìyàn ọdún 1970, wọ́n yọ ìbéèrè nípa àwọ̀ kúrò. Ohun tí a kò kà, ta ló máa sọ pé ó pọ̀ tàbí ó kéré? Ta ló máa fi hàn pé àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé, àwọ̀ báyìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn?

Ó kù sí apá kan ìtàn yìí tó ṣẹlẹ̀ nílé wa, òun ló sì dùn mí jù. Abdias do Nascimento ló dá ẹgbẹ́ eléré adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Rio ní 1944. Ó kúrò ní Bàràsílì ní 1968, ó gba Amẹ́ríkà lọ, ó sì wá kọ́ni ní Fásitì Ifẹ̀ láàárín 1976 sí 1977. FESTAC dé sí Èkó ní oṣù Kìíní ọdún 1977. Gbogbo ayé adúláwọ̀ pé síbẹ̀. Nascimento kọ ìwé kan tó fẹ́ kà ní ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé, àkòrí rẹ̀ ń béèrè bóyá òótọ́ ni ìṣọ̀kan àwọ̀ tí Bàràsílì ń pariwo tàbí àlọ́ lásán. Àwọn aṣojú ìjọba Bàràsílì kò fẹ́ gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ṣètò ìpàdé náà kò gba ìwé rẹ̀ wọlé.

Ẹ rò ó wò. Nínú ìlú Èkó, níbi àjọ̀dún adúláwọ̀, wọ́n ní kí adúláwọ̀ má sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún adúláwọ̀. Fásitì Ifẹ̀ ló bá a tẹ ìwé náà, ó ń pín in fún àwọn èèyàn lọ́wọ́, àwọn oníwèé ìròyìn Sketch ní Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún náà. Mo ń fi Ifẹ̀ yangàn lórí èyí. Ti Èkó, mi ò mọ ohun tí mo lè fi gbè wọ́n lẹ́sẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ìwé òfin 1988 sọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ọ̀ràn tí kò ní béèlì. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n bi àwọn èèyàn São Paulo léèrè: 97 nínú 100 ní àwọn kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, 98 nínú 100 sì ní àwọn mọ ẹni tó ń ṣe é. Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ará àdúgbò ń rí olè, kò sì sẹ́ni tó jalè.

Nascimento padà sílé, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1983, ó sì di sẹ́nétọ̀ lẹ́yìn náà. Àbá tó gbé kalẹ̀ ní 1983 pé kí wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀ kò di òfin. Ní 2012, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, òfin tó ya àyè sọ́tọ̀ ní fásitì ìjọba àpapọ̀ jáde. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ ìrántí Zumbi, ti di ọjọ́ ìsinmi jákèjádò orílẹ̀-èdè láti 2024. Nínú ìkànìyàn 2022, àwọn tó pe ara wọn ní dúdú tàbí aláwọ̀ àdàlù ju 55 lọ nínú 100.

Ṣé ó ti parí nìyẹn? Rárá o. Lóṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n lu ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Kóńgò kan, ẹni ọdún 24, pa létí òkun ní Rio. Ogun ló sá fún wá síbẹ̀ láti kékeré. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní owó iṣẹ́ tó ṣe ló lọ béèrè.

Nítorí náà, èsì tèmi nìyí. Bàràsílì òde òní ń gbìyànjú láti sọ òótọ́, ó sì gba ìyà àti ariwo kó tó débẹ̀. Ohun tí mo fi ń mọ orílẹ̀-èdè tó ń sọ òótọ́ ni pé ó ń ka àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ sọ ibi tó ti ń ta á. Èyí tó bá ní "kò sí irú ẹ̀ níbí", tó wá ń di ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ fura sí i.

Kí àwa náà tó fi Bàràsílì rẹ́rìn-ín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Yorùbá tó ń wá ilé gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ dé ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí wa. A máa kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.