Iná onígíláàsì àtijọ́: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó rà
Ẹ̀yin ará Ailegun tẹ́ ẹ fẹ́ràn iná onígíláàsì tòkunbọ̀, ẹwà gíláàsì kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò o, wáyà ni. Rọ́bà ara wáyà tó ti pẹ́ máa ń gbẹ, ó máa ń là, ó sì lè dáná sunlé. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná pààrọ̀ rẹ̀. Gílóòbù tó bá a wá láti Amẹ́ríkà, fóltì 120 ni. Iná tiwa, 230 ni. Á jó lójú ẹsẹ̀. LED wáàtì 9 ń tàn tó gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60, kì í sì í gbóná tó o. Tí gíláàsì bá ti sán, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá wúwo, ẹ má so ó mọ́ POP. Kọnkéré tàbí igi òrùlé ni kó gbé e.