Jíjò omi pánkíríásì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Jíjò omi pánkíríásì jẹ́ ìṣòro tó máa ń wáyé bí ibi tí wọ́n gé tàbí tí wọ́n rán lára pánkíríásì kò bá jinná dáadáa. Pánkíríásì wà lẹ́yìn àpòlúkù, òun ló ń pèsè ínsúlíìnì àti omi tó ń mú oúnjẹ dà. Bí omi yìí bá jò sínú ikùn, ó lè jẹ ẹran ara, ó lè fa ọyún, ó sì lè jẹ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi bẹ́. Aláìsàn lè ti ibẹ̀ kú.

Ìdámọ̀

Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fún ìṣòro yìí ní ìtumọ̀ kan, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Láti ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń wọn amylase inú omi tí rọ́bà ń fà jáde láti inú ikùn. Bí ó bá ju ìlọ́po mẹ́ta òpin ìwọ̀n tó yẹ nínú ẹ̀jẹ̀, omi ń jò. Bí aláìsàn bá nílò ìtọ́jú sí i, ìpele B ni. Bí ó bá di dandan láti tún iṣẹ́ abẹ ṣe, tàbí tí ẹ̀yà ara kan daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ìpele C ni.

Ọ̀nà ìdènà

Pánkíríásì tó rọ̀ ló léwu jù, nítorí òwú máa ń ya á. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ojú ọ̀nà omi rẹ̀ kò ju mìlímítà 3 lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ Whipple, tí Allen Whipple ṣàpèjúwe ní 1935, wọ́n máa ń so èyí tó kù lára pánkíríásì mọ́ ìfun kékeré tàbí àpòlúkù. Àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń lò nìyí:

- Rírán ojú ọ̀nà omi mọ́ awọ inú ìfun.
- Kíki ẹnu pánkíríásì bọ inú ìfun.
- Ọ̀nà Blumgart, níbi tí òwú ti gba inú pánkíríásì já, tí ìfun sì bo ojú gígé náà.
- Fífi rọ́bà tín-ín-rín sínú ọ̀nà omi.

Kò sí èyí tó borí ìyókù fún gbogbo aláìsàn. Ìrírí oníṣẹ́ abẹ ṣe pàtàkì. Nínú ìwádìí kan lórí 300 aláìsàn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, oògùn pasireotide dín jíjò tó le àti ìkójọ ọyún kù láti 21% sí 9%.

Ní Ọ̀fà

Ilé ìwòsàn gbogbogbòò bíi ti Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, wà ní ìpele kejì ètò ìlera Nàìjíríà. Ìpele kẹta ni iṣẹ́ abẹ báyìí wà, bíi ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìlọrin. Nítorí náà, títètè lọ ṣe pàtàkì: jẹjẹrẹ orí pánkíríásì sábà máa ń dí ọ̀nà òróòro, kí ojú àti ìtọ̀ aláìsàn sì pọ́n. Bí wọ́n bá pẹ́ jù nídìí àgbo, àrùn náà lè ti kọjá ohun tí abẹ lè gé.