Ìdánwò Ilé-Ifẹ̀: Kí Ni À Ń Wọ̀n Lára Ọmọ Wa?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, ọ̀dọ̀ ẹni tí gbogbo ìmọ̀ ti wá. Ní ọ̀pọ̀ ilé àwa Mùsùlùmí, bí èsì ìdánwò ọmọ bá dé ní òpin sáà, ipò tí ó mú ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀, kíá, a ti pè é ní olódo. A kì í sábà béèrè pé: èdè wo ni wọ́n fi bi ọmọ yìí ní ìbéèrè, ǹjẹ́ ó sì gbọ́ ìbéèrè náà rárá? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, nílẹ̀ wa níbí ni apá kan ìtàn náà sì ti ṣẹlẹ̀.

Kí ilé-ìwé Òyìnbó tó gbilẹ̀ láàárín wa, àwọn baba wa ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ọmọ dé. Nínú ilé kéwú, Àáfà a máa gbọ́ ohun tí ọmọ kà lórí wàláà láti ẹnu ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá kà á dáadáa, a ó fọ wàláà, a ó kọ òmíràn sí i. Bí ó bá parí Àlùkùránì, a ó ṣe wòlímọ̀ fún un lójú gbogbo ènìyàn. Èdè Lárúbáwá ni ó ń kà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni Àáfà fi ń túmọ̀ fún un. Ọ̀tọ̀ ni a ń gbọ́ bí ó ṣe kà, ọ̀tọ̀ ni a ń bi í ní ohun tí ó yé e.

Ilé-ìwé Òyìnbó gba ọ̀nà mìíràn. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní Èkó ní 1887, bí àwọn ọmọ bá ti ṣe sí nínú ìdánwò wà lára ohun tí ìjọba ń wò kí ó tó fún ilé-ìwé ní owó ìrànwọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó jẹ ọba níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí fà sẹ́yìn nítorí pé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà, títí ìjọba fi ṣí ilé-ìwé kan fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó ní 1896. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, ara ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni kí ọmọ wa lè ní ìmọ̀ ìwé láìpàdánù ẹ̀sìn rẹ̀. Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọpọlọ.

Ọmọ Èkó kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, wà lára àwọn tí ó fẹ́ dán òṣùwọ̀n náà wò. Ní oṣù kìn-ín-ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gẹ̀ẹ́sì kò sí nílẹ̀ fún wọn bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Àwọn tí a fi ń wé wọn ń bá ètò àtijọ́ lọ: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tí ó kù.

Ọ̀pọ̀ òbí lè rò pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ yóò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èsì ìwádìí náà, tí a tẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1989, fi hàn pé wọn kò rẹ̀yìn. Nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, àwọn ni wọ́n ṣe dáadáa jù.

Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Wọ́n ní kì í ṣe èdè nìkan ni ó yàtọ̀: ìwé tuntun wà níbẹ̀, olùkọ́ àkànṣe fún Gẹ̀ẹ́sì náà wà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan kò ṣeé já ní koro: bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi ọmọ ní ìṣirò tí ó sì kùnà, a kò tíì mọ̀ bóyá ìṣirò ni kò mọ̀ tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbọ́. Ohun méjì kò ṣeé fi òṣùwọ̀n kan wọ̀n.

Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fafunwa di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Ó sì di olóògbé ní 2010. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025 ìjọba tún kéde pé òun ti fagi lé e. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn agbègbè tí ó lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò àṣekágbá. Gẹ̀ẹ́sì sì ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìdánwò náà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ifẹ̀ yóò béèrè pé: kí ni a wọ̀n gan-an?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò sọ pé kí a kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ó wúlò fún ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ohun tí a ń wí ni pé bí ọmọ bá dé láti ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Bí ó bá lè ṣe é, ó ti mọ iṣẹ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni ó kù kí a ràn án lọ́wọ́ lé lórí. Bí kò bá lè ṣe é, a ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ jẹ́ kí a mọ̀ nínú Súrà Ibrahim pé èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ ni òjíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi jíṣẹ́ fún wọn, kí ọ̀rọ̀ lè yé wọn yékéyéké. Bí iṣẹ́ Ọlọ́hun bá gba èdè tí ó yé ni, kí ni ti ìṣirò?

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní jíǹkí àwọn ọmọ wa. Àmín.