Aláǹtakùn Tí Wọ́n Fi Okùn Fà Bí Ajá

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ń sin aláǹtakùn nínú ilé, ẹ ó ní orí rẹ̀ ti dàrú. Aláǹtakùn kẹ̀! Ìgbálẹ̀ la fi ń lé e ní tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, ìtàn ń bẹ níbẹ̀.

Èyí tí mò ń wí kì í ṣe tínńtín ara ògiri o. Tàràńtúlà ni: ó lè tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, irun sì bò ó. Lọ́dún 1705, obìnrin ará Jámánì kan, Maria Sibylla Merian, tẹ ìwé jáde nípa àwọn kòkòrò ilẹ̀ Suriname, ó sì ya aláǹtakùn tó ń jẹ ẹyẹ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní irọ́ ni. Ìgbà tó di 1863 ni Henry Walter Bates, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé òun bá irú aláǹtakùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹ kékeré méjì tó mú, ní Cametá, ilẹ̀ Brazil. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan láìṣọ́ra, irun rẹ̀ sì han án léèmọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ìwé yẹn kan náà ló ti sọ pé òun rí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kan, tí wọ́n máa ń bá òun kó kòkòrò, tí wọ́n so okùn mọ́ ọ̀kan níbàdí, tí wọ́n ń fà á kiri inú ilé bí ajá. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé lórí, ọmọdé ti fi ń ṣeré.

Láàárín ọdún 1970 sí 1985, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù náà fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń wá jù ni olórúnkún pupa ti ilẹ̀ Mẹ́síkò, torí ó rẹwà, kì í sì í tètè bínú. Ni wọ́n bá ń hú u jáde nínú ihò, tí wọ́n ń tà á. Abo rẹ̀ lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó dàgbà débi tó lè bímọ. Ẹni tó bá hú abo kan, ìran kan ló hú. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Lọ́dún 1985, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES fi í sábẹ́ òfin: kò sẹ́ni tó lè tà á kọjá ibodè mọ́ láìgba ìwé àṣẹ.

Lójú tèmi, ìgbálẹ̀ ẹni tó bẹ̀rù rẹ̀ kò ṣe é ní jàǹbá tó owó ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sin àkọ́kọ́, kó kọ́kọ́ béèrè: ṣé ilé ọlọ́sìn ni wọ́n bí i sí, àbí inú igbó ni wọ́n ti jí i gbé? Kó má máa gbé e sọ́wọ́ ṣáá, torí bó bá já bọ́, ikùn rẹ̀ lè bẹ́. Bó bá sì rí i tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tó nà gbalaja, kó má sunkún, kó má sì fọwọ́ kàn án. Kò kú o. Awọ ló ń bọ́.