Ètò Ẹ̀kọ́ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀: Ìwádìí, Ìkọ́ni àti Ìwé Kíkọ

Iṣẹ́ mẹ́ta ni yunifásítì máa ń kà sí tirẹ̀: ìwádìí, ìkọ́ni, àti ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ará ìta. Nínú àpilẹ̀kọ kékeré yìí, a fẹ́ tọ́ka sí ìgbà kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ṣeé yà nípa, tí ó sì jẹ́ pé èdè Yorùbá ni ó so wọ́n pọ̀.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ (Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987) bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A', Mọdákẹ́kẹ́. Àjọ Ford ti Amẹ́ríkà ni ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ àkànṣe ń kọ́ wọn. Àwọn yòókù lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n kí ìwádìí tó lè rìn, ìwé gbọ́dọ̀ wà. Ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì tí yóò gbé ọmọ dé ọdún kẹfà ní Yorùbá kò sí nílẹ̀. Àwọn olùwádìí ní láti di òǹkọ̀wé. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ wo 45 péré. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́rin àti márùn-ún ni ojú rí nínú ìwé, ṣùgbọ́n márùndínláàádọ́ta tí ẹnu pè é, àádọ́ta tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọwọ́ ọmọ ń ròpọ̀, ẹnu rẹ̀ ń yọ kúrò. Olùkọ́ tí ó bá ti fi Yorùbá kọ́ ìṣirò rí yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí ètò náà ní 1989 fi hàn pé àwọn tí ó fi Yorùbá kọ́ṣẹ́ dé òpin ta àwọn yòókù yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì fà sẹ́yìn. Àwọn kan ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe ni ó fà á. Àríwísí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní ti Gẹ̀ẹ́sì; kò kan ti ìṣirò.

Síbẹ̀, ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti 1977 kò fún èdè abínibí ju ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ní 2022 ni ìjọba fọwọ́ sí ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní àwọn ọmọ ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ó tọ́ kí àwa olùkọ́ àti olùdánwò bèèrè: ìwé wo ni wọ́n fi kọ́ wọn?