Ọba Kì í Mú Ọ̀kọrin: Bí Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá Ṣe Fi Aró àti Orin Jà fún Ẹ̀tọ́ Wọn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba kì í mú ọ̀kọrin. Ohun tí ará ìlú kò lè là lójú ọba, ọ̀kọrin lè fi orin gbé e kalẹ̀ ní gbangba, kí ó sì padà sílé ní àlàáfíà. Ní ọdún 1947 àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dán òwe yìí wò títí ó fi kan ìtẹ́ ọba. Bí a bá ń sọ ìtàn náà lónìí, orúkọ Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí ogun kì í dá ogun jà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ọlọ́jà, aláró àti ọ̀kọrin, iṣẹ́ ọwọ́ àti ohùn ẹnu wọn sì ti kọ́ wọn ní ìjà kí ọjọ́ náà tó dé.

Aró ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin ni aró rírẹ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, Ìyá Màpó sì ni òrìṣà tí àwọn aláró ń bọ. Ìyá ni ó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, bí a ṣe ń sẹ́ omi eérú, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ìkòkò aró ti pé. Àwọn kan ń fi ìko di aṣọ, èyí ni àdìrẹ oníko. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀kọ lááfún ya ọnà sára rẹ̀, èyí ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ọnà kọ̀ọ̀kan ni ó ní orúkọ tirẹ̀: Olókun, Ìbàdàn Dùn, àti Olóba tí wọ́n fi sàmì ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́ ní ọdún 1935. Ẹni tí kò mọ ìwé kà lè ka aṣọ. Nígbà tí ọjà àdìrẹ gbilẹ̀, àwọn oníbàárà ń ti Senegal, Gambia àti Gold Coast wá rajà ní Abẹ́òkúta.

Nígbà tí ọ̀dá owó bo gbogbo ayé lẹ́yìn ọdún 1929, ọjà náà rọ̀. Láti dín ìnáwó kù, ọ̀pọ̀ aláró ń lo aró òyìnbó àti sódà dípò ẹ̀lú àti eérú. Àwọn kan ní ó ń ba aṣọ jẹ́. Ní ọdún 1936, Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi òfin de èèlò tuntun wọ̀nyí. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n jà títí ìjọba òyìnbó fi gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè wọn kò ṣòro: ta ni ó yẹ kí ó ṣòfin lórí ìkòkò aró, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró ni, àbí ẹni tí kò rẹ aṣọ rí?

Ìbéèrè yìí náà ni ó padà wá ní ọdún 1947, ṣùgbọ́n ó ti kọjá ọ̀rọ̀ aró. Láti ọdún 1918 ni owó-orí ti wọ Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti di asanwó-orí. Àwọn obìnrin fẹ̀sùn kàn pé àwọn agbowó-orí ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wo bóyá ó ti dàgbà tó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aláṣẹ tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Láyé àtijọ́, Ìyálóde bí Ẹfúnróyè Tinúbú ní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń gbèrò ìlú. Ṣùgbọ́n nínú ìjọba tí òyìnbó gbé lé Aláké lọ́wọ́, kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n ń sanwó, wọn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Fúnmiláyọ̀ ti dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ ní ọdún 1932. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà wọlé sí i, ẹgbẹ́ náà yí padà, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní ọdún 1946. Fúnmiláyọ̀ bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó sì ń sọ Yorùbá ní gbangba, títí kan iwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ni ó ń wá ògbufọ̀.

Nígbà tí ìjọba ní àwọn obìnrin kò gbọdọ̀ wọ́de láìgba àṣẹ, wọ́n ní àwọn kò wọ́de, ọdún ni àwọn ń ṣe. Ta ni ó sì ń ṣọdún láìkọrin? Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, obìnrin tí ó lé ní 10,000 yí ààfin Aké ká, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Orin ni wọ́n fi ṣọ́ òru náà.

Àwọn orin wọ̀nyí kò já láti ojú ọ̀run. Obìnrin Yorùbá ti ń kọ ẹkún ìyàwó, orin owú àti orin òtẹ̀ tipẹ́. Ó mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tí a kò dárúkọ, tí olúwarẹ̀ yóò sì mọ̀ pé òun ni a ń bá wí. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí orin ń bá wí: ó kúrò lórí orogún, ó dé orí ọba. Ẹnì kan á lé orin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á gbè é. Àwọn kan ṣàlàyé owó-orí. Àwọn mìíràn bú Aláké débi pé wọn kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ìwé ẹ̀hónú lè wà lórí tábìlì fún oṣù mẹ́fà. Orin tí ọmọdé bá ti gbọ́ ní òwúrọ̀ á ti dé gbogbo ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọba kì í mú ọ̀kọrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá òyìnbó kò mọ òwe. Wọ́n yin tajútajú, wọ́n sì mú àwọn obìnrin. Síbẹ̀, orin kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké fi ìlú sílẹ̀. Wọ́n dá owó-orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso ìlú. Òótọ́ ni pé ọba padà sórí ìtẹ́ ní ìparí ọdún 1950, ìṣẹ́gun náà kò sì pé tán. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé obìnrin Ẹ̀gbá kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé rẹ̀, *Aké*, tí ó jáde ní ọdún 1981. Fúnmiláyọ̀ náà gba orúkọ tí ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ta ni ó lé orin ní òru ọjọ́ náà? Orin wà ní àkọsílẹ̀, orúkọ àwọn tí ó fà á yọ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdìrẹ wọn wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun, láìsí orúkọ ẹni tí ó rẹ ẹ́.

Lónìí, ní ọjà Ìtòkú, àwọn aláró tún ń bá aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà jìjàdù. Ọnà ìyá wọn ni ẹ̀rọ náà ń tẹ̀, owó rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ náà, kí ó rántí ọdún 1936: kí ó kọ́kọ́ lọ sí ìdí ìkòkò aró, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.